Láti 911 Dé Ọkọ̀ Oníkọ̀ǹpútà: Ta Ló Ń Tún Lọ́rì Wa Ṣe?

Ìgbà mẹ́rin ni ọkọ̀ wa dákú sójú ọ̀nà láàárín oṣù méjì péré. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sanwó, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì ní, "Ó ti tán, ẹ máa lọ." Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni, tòkunbọ̀, tí àwa ọmọ ìyá mẹ́ta dáwó jọ rà fún ẹ̀gbọ́n wa tó ń fi wíwakọ̀ jẹun. Akotogbo tiwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irele ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ló ti ń kó ẹ̀gẹ́ àti epo pupa lọ sí Okitipupa àti Ore.

Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ á mọ ohun tí ọkọ̀ dídákú túmọ̀ sí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú kì í dúró de mẹkáníìkì. Kó tó di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, kò ní ṣeé fi ṣe gàrí tàbí púpurú tó dáa mọ́. Àwọn ìyá tó ni ẹrù inú ọkọ̀ wa nígbà kẹta tó dákú kò bá wa jà. Wọ́n kàn ń ṣa èyí tó ṣì dáa kúrò nínú èyí tó ti bàjẹ́ ni, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn dùn wá ju ìjà lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ dákú, fílítà ni wọ́n pààrọ̀. Ìgbà kejì, wọ́n so sikánà mọ́ ọn, nọ́ńbà méjì sì jáde: 157 àti 18. Inú wa dùn, ká má parọ́. A ní ọ̀rọ̀ ti dé ilé wa. A wá ìtumọ̀ rẹ̀ kíá: pírẹ́ṣọ̀ dísẹ́ẹ̀lì nínú páìpù tó ti ń wọ ẹ́ńjìnnì kéré sí bó ṣe yẹ. Wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn pírẹ́ṣọ̀ náà, wọ́n pa kóòdù rẹ́, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tó tún dákú, 157 àti 18 náà ló tún jáde. Wọ́n pààrọ̀ nọ́sù kan. Ó tún dákú. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, wọ́n wẹ gbogbo nọ́sù tó kù, wọ́n tún pa kóòdù rẹ́, wọ́n sì ti ń sọ pé tó bá tún dákú, ká lọ ra ọpọlọ ọkọ̀ mìíràn, brain box bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ó yẹ ká ti mọ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó pa ìkìlọ̀ àṣìṣe rẹ́ kò tíì tún àṣìṣe ṣe. Ó kàn di ẹnu ẹni tó ń ké ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú ká bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àtúnṣe ọkọ̀ ṣe rìn dé ọwọ́ wa nílẹ̀ yìí, àti ibi tó ti ń jábọ́ lọ́wọ́ wa.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, omi ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀nà. Rélùwéè dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ṣùgbọ́n kò yà sọ́dọ̀ wa rárá. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé epo pupa àti èkùrọ́ gba inú odò àti ọ̀sà lọ sí apá Ẹ̀pẹ́ àti Èkó. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jò, kì í jìnnà tí a ó fi rí ẹni tó gbẹ́ ẹ, òun náà ló sì máa dí i. Nígbà tí ìjọba amúnisìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà mọ́tò, tí ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 1906, ohun tuntun kan wọlé: ẹni tó ṣe ọkọ̀ wà lókè òkun, ẹni tó máa tún un ṣe sì gbọ́dọ̀ wà níbí. Láti ìgbà náà títí dòní, inú àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ìtàn yìí wà.

Àwọn baba wa kò bẹ̀rù àlàfo náà. Ní 1931, ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta lọ́rì tí wọ́n sọ ní Bedford. Ohun tó ń dé etíkun wa lọ́pọ̀ ìgbà kò ju ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin abẹ́ ọkọ̀ lọ. Káfíńtà tiwa ló ń kan ilé onípákó lé e lórí, ẹlẹ́kun-ọ̀dà tiwa ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú àti lẹ́yìn, ó sì di bọ́lẹ̀kájà. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìdajì ọkọ̀ náà ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa? Ogun Àgbáyé Kejì tún fi kún un. Nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ jagun ní Burma, àwọn kan wà nídìí ọkọ̀ ológun. Nígbà tí wọ́n padà wálé, wọ́n mú ìmọ̀ wíwà àti títún ọkọ̀ ṣe bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe di iṣẹ́ tí à ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ alágbẹ̀dẹ. Ọmọ á lọ sábẹ́ ọ̀gá fún ọdún bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á máa fọ irin, á máa na sípánà, títí tí wọ́n á fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Kò sí ìwé níbẹ̀. Etí ni ìwé, ọwọ́ ni gègé. Ọ̀gá á ní kí ọmọ fi etí sí ẹ́ńjìnnì kó sọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Iṣẹ́ náà sì pín sí ẹ̀ka tirẹ̀: mẹkáníìkì, ríwáyà tó ń mójú tó iná, wẹ́dà, fọkanáísà, àti kálíbrétọ̀ tó jẹ́ pé pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni tiẹ̀. Abẹ́ Ògún ni gbogbo wọn wà, yálà wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí ni o, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà dìde. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gbé eré The Road jáde ní 1965, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara àwọn lọ́rì tó ti ṣe jàǹbá wà lára ohun tó gbé sórí ìtàgé. Ẹni tó bá ti dé Ladipo ní Mushin, tàbí Araromi ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, mọ̀ pé irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ti di ìlú ńlá lónìí.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àgbà awakọ̀ kan ní Okitipupa pé ọkọ̀ wo ló jẹ́ ọkọ̀ gan-an, kò ní í ronú kó tó dáhùn: 911 ni. Mercedes-Benz 911 láti Jámánì yìí ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ mólùé tó fi Èkó ṣe ilé. Òun náà ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ agbégilódò tó ń kó ìtì igi jáde nínú igbó wa. Àsìkò owó epo rọ̀bì ni, nígbà tí ìjọba ń dá ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ sílẹ̀ káàkiri: Leyland n'Ìbàdàn, Steyr ní Bauchi, ANAMMCO ní Emene l'Énúgù, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ Mercedes.

Kí ló dé tí 911 fi pẹ́ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀? Ó yẹ ká mọ bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897, kò lo púlọ́ọ̀gì láti fi ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì náà ń fún pọ̀ títí tó fi máa gbóná gidi. Nígbà náà ni a ó wá fọ́n epo sí i, tí yóò gbiná fúnra rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú fífọ́n yẹn: ìgbà wo, báwo ló ṣe pọ̀ tó, báwo ló ṣe kúnná tó. Ní 1927, ilé-iṣẹ́ Robert Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ńpù tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ yanturu. Irú pọ́ńpù ìdílé yẹn náà ló wà lára 911 onísílíńdà mẹ́fà. Irin lásán ni. Kò sí wáyà kankan tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí bátìrì bá kú, ẹ tì í, á ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì, ọmọ ọkọ̀ á tú nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, á fi ọwọ́ pọ́ńpù títí dísẹ́ẹ̀lì á fi máa jáde láìhó, á sì dè é padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ̀ yẹn náà máa ń bàjẹ́ o, ó máa ń bàjẹ́ gan-an! Ṣùgbọ́n ohun tó bà á jẹ́ ṣeé rí, ṣeé gbọ́, ṣeé fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé. Ọ̀pọ̀ wa mọ ọdún yẹn sí ọdún tí Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel. Nǹkan méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tó kan lọ́rì wa. Ní oṣù kejì, nínú ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Detroit, ilé-iṣẹ́ Bosch fi ohun kan tí wọ́n pè ní CAN hàn: ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ kan lè gbà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì péré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba Nàìjíríà ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun lábẹ́ ètò SAP. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bí náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tòkunbọ̀ sì gba ìgboro.

Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì wéra. Detroit yí ohun tó wà nínú ọkọ̀ padà. Èkó yí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa padà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún òpópónà ilẹ̀ Yúróòpù, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń mójú tó níbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ìwé tirẹ̀, ló ń wá lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ lọ́dọ̀ wa láìsí ìwé àti láìsí kọ̀ǹpútà náà. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí méjèèjì tó pàdé lójú ọ̀nà Akotogbo, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé.

Ohun tó wà nínú ọkọ̀ tuntun yìí kì í ṣe kékeré. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Denso ti Japan gbé ètò common rail jáde nínú lọ́rì Hino. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Mercedes gbé Actros jáde, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ ìgbà tí dísẹ́ẹ̀lì yóò wọlé. Nínú common rail, gbogbo dísẹ́ẹ̀lì máa ń kóra jọ sínú páìpù líle kan pẹ̀lú pírẹ́ṣọ̀ tó lè tó 2,000 bar. Nọ́sù 911 máa ń ṣí ní nǹkan bí 200, afẹ́fẹ́ inú táyà lọ́rì ò sì ju bíi 8 lọ. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe irọ́: ọkọ̀ ń fa ẹrù púpọ̀ sí i, dísẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ kéré, èéfín rẹ̀ mọ́ ju ti 911 lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n àlàfo inú nọ́sù rẹ̀ kéré ju irun orí lọ níye ìgbà. Dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì tí omi kán sí, tí 911 máa mu tí á kàn wúkọ́ díẹ̀, lè ba nọ́sù yìí jẹ́ pátápátá.

Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Láti 2009, súfúrù inú dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ní Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin gbà á títí dé 3,000 nígbà kan. Oṣù kejìlá 2016 ni Nàìjíríà, Gánà, Benin, Togo àti Côte d'Ivoire jọ fẹnu kò pé àwọn máa fà á wálẹ̀ sí 50. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ àfọ̀mọ́ èéfín sí lára ti ń wọlé. Súfúrù ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́, kọ̀ǹpútà ń rí i pé ó bàjẹ́, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Kí ni àwọn èèyàn ń ṣe? Wọ́n á yọ ẹ̀rọ náà dànù, wọ́n á sì sanwó fún ẹni tó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ó ṣì wà níbẹ̀. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú àtúnṣe yìí. Ó máa ń pa ariwo lónìí, kí ó tó pa ọkọ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọkọ̀ wa. Ká tó ra ọpọlọ mìíràn, ẹ̀gbọ́n wa ní ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá kan ní Ore tó ti ń tún 911 ṣe kí a tó bí wa. A kí i, a jókòó, a gbé sikánà jáde. Bàbá kò wo sikánà náà.

"Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ẹ̀rọ yín sọ?"

"Bàbá, ó ní pírẹ́ṣọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kéré."

"Òótọ́ ló sọ. Ṣé ó sọ ìdí ẹ̀ fún yín?"

A dákẹ́. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n wa. "Dẹ́rẹ́bà, nígbà tó ń dákú yẹn, táǹkì kún ni àbí ó ti ń lọ sílẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n wa ronú. Ó ní nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táǹkì ti ń lọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìbéèrè yẹn rí, àwa náà ò bi í. Bàbá ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú rọ́bà kan wá, irú èyí tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Ó gé e, ó fi í sáàárín táǹkì àti fílítà, ó ní kí wọ́n ṣáná. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wò ó. Dísẹ́ẹ̀lì ń kọjá, ó ń hó.

Afẹ́fẹ́ ni. Rọ́bà tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti inú táǹkì ti ha mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ títí tó fi lu, lábẹ́ kílíìpù níbi tí ojú kò tó. Bí táǹkì bá kún, kò ní fa afẹ́fẹ́ púpọ̀. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá lọ sílẹ̀, tí pọ́ńpù ń fi agbára fà á gòkè, afẹ́fẹ́ á wọlé, pírẹ́ṣọ̀ á já, kọ̀ǹpútà á pa ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n tú nǹkan kan, tí wọ́n pọ́ńpù, tí wọ́n sì ra dísẹ́ẹ̀lì sí i, á ṣiṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo àtúnṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí ọmọ ọkọ̀ 911 mọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Owó rọ́bà náà ò tó nǹkan kan lára owó sẹ́ńsọ̀ tí a rà.

Ó rọrùn láti parí ìtàn níbí, ká ní àgbà ló gbọ́n, ẹ̀rọ ò mọ nǹkan. Bàbá fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ká má ṣe tan ara wa, òun ò lè tú pọ́ńpù ọkọ̀ yẹn. Bí òun bá tilẹ̀ pààrọ̀ nọ́sù rẹ̀, nọ́sù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà kí ọkọ̀ tó gbà á, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kò sì sí lọ́wọ́ òun. Àwọn ọmọ tó ní sikánà wà nígboro. Wọn ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n ń ka nọ́ńbà, wọ́n ń pààrọ̀ ohun tí nọ́ńbà dárúkọ. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì ò ní kọ̀ǹpútà, àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ò mọ ẹ́ńjìnnì. Àlàfo tí àwọn baba wa ti dí láàárín ẹni tó ṣe ọkọ̀ àti ẹni tó ń tún un ṣe ti tún ṣí, ẹ̀gẹ́ àwọn ìyá wa ló sì ń jábọ́ sínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni. Ní 2012, àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà dìbò fún òfin tó ní kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ jẹ́ kí mẹkáníìkì ìta náà rí irinṣẹ́ àti ìmọ̀ àtúnṣe. Àwọn àgbẹ̀ wọn bá John Deere fà á lórí tírákítọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ American Farm Bureau tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù kìíní 2023. Àgbẹ̀ tí tírákítọ̀ rẹ̀ kú lásìkò ìkórè ní Amẹ́ríkà àti ìyá tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Akotogbo, ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àgbẹ̀ yẹn wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń tajà fún. Àwa tí a ra tòkunbọ̀, orúkọ wa ò sí nínú ìwé wọn.

Ohun tí a lè ṣe báyìí, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. A ò kọ app kankan. Ìwé àkọsílẹ̀ kan la rà sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ń kọ ọ́ sí i lédè Yorùbá: ọjọ́ wo, ibo, ẹrù mélòó, táǹkì kún tàbí kò kún, ibi tó ti ra dísẹ́ẹ̀lì, ohun tó gbọ́ kí ọkọ̀ tó dákú, ohun tí wọ́n pààrọ̀. A fi sikánà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá, a sì ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kóòdù: bí pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ sílíńdà tó ń ṣòjòjò. Títí di ìsinsìnyí, òun ló ń yára mọ tiwa ju bí a ṣe ń mọ tiẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ kò dákú pẹ̀lú 157 mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewé sípíríǹgì ẹ̀yìn kan ṣẹ́ nínú kòtò kan lẹ́yìn òjò. Kò sí kóòdù kankan tó jáde. Ẹ̀gbọ́n wa kọ ọ́ sínú ìwé, wẹ́dà dé, wọ́n gbé e sókè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gẹ́ ti dé Okitipupa.